Ìbéèrè Tí Baba Kufuli Gbé Sẹ́nu Ọ̀nà

Bí ẹ bá gun òkè yunifásítì ní Iringa, nílẹ̀ Tanzania, tí ẹ ń béèrè Ọ̀jọ̀gbọ́n Festo Kihwele, wọ́n á kàn máa wò yín lójú ni. Ẹ béèrè Baba Kufuli, ajá ibẹ̀ gan-an á fi ìrù júwe ilé ẹ̀. Àgádágodo ni wọ́n ń pè ní kufuli. Ọkùnrin náà ò bímọ. Ìyàwó tó fẹ́, Anzeleta, kú lọ́dún kejì tí wọ́n fẹ́ra, kò sì fẹ́ òmíràn. Bẹ́ẹ̀, bíi tiwa náà ni níbẹ̀, ẹni tó bá ti bímọ, orúkọ ẹ̀ ti parí nìyẹn. Mama Lágbájá, Baba Tàmẹ̀dò ni wọ́n á máa pè é títí tó fi máa wọ káà ilẹ̀. Ẹni tí ò bá bímọ, wọ́n á wá ohun tó fẹ́ràn jù, wọ́n á fi sọmọ fún un. Àgádágodo ni wọ́n rí fún òun.

Ó sì tọ́ sí i. Iṣẹ́ tó fi gbogbo ayé ẹ̀ ṣe ni bí a ṣe ń ti ilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà, kí olè má bàa wọlé jí ọ̀rọ̀ olọ́rọ̀ kó. Bàbá ẹ̀ ló ti kọ́kọ́ kọ́ ọ láìmọ̀. Mẹ́gàádì ni bàbá náà, ẹnu géètì ilé iṣẹ́ tíì kan ní Mufindi ló ń jókòó sí, tòun ti agolo iná eléèédú tó fi ń yáná. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni olè wọ ibẹ̀ lójú ẹ̀, kò sì séyìí tó jalẹ̀kùn nínú wọn. Ọ̀kan ru àpò wá, ó ní ọ̀gá ló rán òun. Ọ̀kan wọ aṣọ àlùfáà. Ẹ̀kẹta, ẹkún ló sun wọlé, ó ní ìyá òun kú. Bàbá ẹ̀ á wá máa sọ fún un pé, "Festo, géètì ò níṣòro. Èmi tí mo jókòó tì í ni ìṣòro."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé lọ Dar es Salaam, ó gbé e dé òkè òkun, ó tún gbé e bọ̀ wálé. Nígbà tó dé, kọ̀ǹpútà mẹ́ta péré ló wà lórí òkè, eku sì ti jẹ wáyà ọ̀kan. Wọ́n ń fi í ṣẹ̀sín. Wọ́n ní ta ló ń ti ilé tí ò lẹ́rù nínú. Ó ní kí wọ́n ní sùúrù, ẹrù ń bọ̀. Ẹrù náà sì dé. Máàkì àwọn ọmọ ilé ìwé wọ inú kọ̀ǹpútà, owó oṣù wọ ibẹ̀, ìwé ilé ìwòsàn wọ ibẹ̀, fóònù wọ àpò gbogbo èèyàn títí kan àwọn tó ń da màlúù. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá ń wá a kiri.

Bó ṣe ń kọ́ni, kò sẹ́ni tó ń kọ́ni bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ́dọọdún, àpò àgádágodo kan báyìí ló máa ń gbé wọ kíláàsì, á dà á sórí tábìlì, gbàràgàdà, á ní kí wọ́n wá èyí tó rọrùn jù láti ṣí. Àwọn ọmọ á fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́, wọ́n á fi òkúta lù ú, òógùn á bò wọ́n. Á jẹ́ kó sú wọn tán pátápátá. Á wá mú ọ̀kan, á yí i sẹ́yìn, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ni wọ́n ti fi okùn so mọ́ ọn lẹ́yìn látàárọ̀. Á ní, "Ẹ ò kọ́kọ́ wò ó. Ipá lẹ kọ́kọ́ rò."

Ìwádìí ẹ̀ náà, ọjà ló ti ń ṣe é. Á jókòó ti àwọn tí olè ti orí fóònù jà lólè, á ní kí wọ́n sọ bí olè náà ṣe bá wọn sọ̀rọ̀ fún òun, láti orí kíkí. Ohun tó rí ni pé olè ibẹ̀ kì í halẹ̀ mọ́ èèyàn. Á kí ẹ dáadáa ni. Á ní shikamoo, bí ọmọ kékeré ṣe ń kí àgbà, á béèrè ewúrẹ́ ẹ, á béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn ẹ́. Nígbà tó bá fi máa béèrè nọ́ńbà àṣírí ẹ, ojú á máa tì ẹ́ láti kọ̀ fún un. Baba Kufuli kọ ọ́ sínú ìwé pé ìwà ọmọlúwàbí wa ni olè ń gbà wọlé. Àwọn òyìnbó wá láti ọ̀nà jíjìn wá gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ tó kọ́ sì ti tàn káàkiri, ní báńkì, ní ilé ìjọba, méjì wà ní Nairobi. Gbogbo ọjọ́ Sunday ni fóònù ẹ̀ máa ń dún ṣáá, tí wọ́n á máa kí i.

Ẹnì kan wà tó máa ń bá a jà lójoojúmọ́. Mama Lugano ni, akọ̀wé tó ń rí sí máàkì ìdánwò. Ará Tukuyu ni obìnrin náà, ó sanra, ó pupa díẹ̀, ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n ẹ̀ rèé nídìí iṣẹ́ kan ṣoṣo. Bó bá ti di aago mẹ́wàá àárọ̀, á gbé tíì oníwàrà àti mandazi, irú pọfupọ́ọ̀fù tiwọn, lọ bá Baba Kufuli ní ọ́fíìsì, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin á ní ó tún fi kọ̀ǹpútà ẹ̀ sílẹ̀ gbayawu wá síbí. Obìnrin á ní tẹ́nì kan bá fẹ́ jí iṣẹ́ òun, kó wá jí i, kó bá òun parí ẹ̀. Àwọn kan ti sọ ọ́ sí wọn létí rí pé kí wọ́n kúkú fẹ́ra, níwọ̀n ìgbà tí ọkọ Mama Lugano náà ti kú. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín débi pé tíì dà nù.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Baba Kufuli fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti kọ́ ilé tuntun kan tán, ilé alájà méjì tí wọ́n á ti máa kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n sì fẹ́ kọ sí iwájú ẹ̀. Kihwele. Ẹ mọ ohun tíyẹn jẹ́ fún ẹni tí ò bímọ. Ó ti yọ́ lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, bó ṣe ń díbọ́n pé òun ń wá ìwé kan.

Ọjọ́ Monday kan ni wọ́n ṣí máàkì ìdánwò, tí wọ́n rí i pé ọmọ mẹ́tàlélógójì tó fìdí rẹmi ti yege. Ẹnì kan ló wọlé lọ́jọ́ Sátidé, tó yí gbogbo ẹ̀ padà. Orúkọ tó sì fi wọlé ni ti Mama Lugano.

Obìnrin náà ní àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì lòun wà láàárín wọn ní Sátidé náà, gbogbo ìjọ ló rí òun. Wọ́n ní èèyàn lè máa kọrin kó máa tẹ fóònù lábẹ́ ìwé orin. Ọ̀gbẹ́ni Chengula ni ọ̀gá tó ń rí sí gbogbo ìwé yunifásítì. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ̀rù ìwé ìròyìn ló ń bà á. Ó ní ọjọ́ Friday ni ìgbìmọ̀ máa jókòó. Tó bá jẹ́ Mama Lugano ni, ọjọ́ náà ló máa kó ẹrù ẹ̀, kò ní rí owó ìfẹ̀yìntì kankan gbà, bẹ́ẹ̀ ọdún méjì péré ló kù fún un. Ó wá ní kí Baba Kufuli yẹ kọ̀ǹpútà wò, kó kọ ojú ìwé kan péré, kó sọ orúkọ ẹni tó ṣe é.

Lọ́jọ́ Tuesday, òun àti Sekela Luvanda jókòó tì í. Sekela yìí, ọmọ tó kọ́ ni, dókítà ìwé lòun náà báyìí, òun ló máa gba ipò ẹ̀. Wọ́n ń tọ ipasẹ̀ olè náà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n rí i pé kò lo ọ̀rọ̀ àṣírí Mama Lugano rárá. Ńṣe ló sọ fún kọ̀ǹpútà pé òun ti gbàgbé ọ̀rọ̀ àṣírí òun. Kọ̀ǹpútà wá bi í ní ìbéèrè kan tó fi ń dá àwọn tó bá gbàgbé mọ̀: kí lorúkọ àkọ́bí ẹ? Olè náà dáhùn lẹ́ẹ̀kan péré. Lugano.

Sekela bú sẹ́rìn-ín. Ó ní irú orí wo ló gbé ìbéèrè báyìí síbẹ̀, nílùú tí wọ́n ti ń pariwo orúkọ àkọ́bí èèyàn mọ́ ọn láti ìsàlẹ̀ ọjà dé òkè.

Baba Kufuli bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀. Ó ní, "Orí mi ni."

Ọdún méjìlélógún sẹ́yìn ló ti gbé e síbẹ̀. Inú ìwé tó kó ti òkè òkun bọ̀ ló ti dà á kọ. Lọ́hùn-ún, ẹni tí ò bá tíì jẹun nílé ẹ, kò lè mọ orúkọ ọmọ ẹ. Ó kọ ọ́ tán, ó dán an wò lára ara ẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ní kó kọ orúkọ àkọ́bí ẹ̀, òun tí ò bímọ, ọ̀rọ̀ kan tó wá sí i lọ́kàn ló kọ, kò sì sẹ́ni tó lè ṣí i. Ó ní ó dáa. Òun nìkan ni àgbàlagbà lórí òkè yẹn tí wọn ò fi orúkọ ọmọ pè, òun náà ló sì ṣe ìbéèrè náà fún gbogbo àwọn tó kù. Tó bá jẹ́ Baba Ẹnìkan ni, ọjọ́ yẹn gan-an ló máa rí i.

Sekela ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó lọ tilẹ̀kùn. Ó rọra fi mwalimu pè é, bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ níbẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká yọ ìbéèrè yẹn kúrò báyìí. Ká wá kọ ọ́ pé ará ìta ló dọ́gbọ́n wọlé. Irọ́ kọ́, ará ìta ni. Mama Lugano á bọ́, ẹ̀yin náà á bọ́. Kò sẹ́ni tó máa béèrè ẹni tó kọ ọ́."

"Ta ló kọ́ ẹ nírú ẹ̀?"

"Ẹ̀yin kọ́, sà. Ìfẹ́ yín ló kọ́ mi."

Ọkùnrin náà ò lè bá a jà. Ó wulẹ̀ rán an létí pé àwọn ilé ìwé méjì mìíràn ti wá gba iṣẹ́ òun lò, èyí tí wọ́n ti ń kọ́ nọ́ọ̀sì ní Njombe, àti ti àwọn olùkọ́ ní Makambako. Ìbéèrè kan náà ló wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Táwọn bá bo ti ibí mọ́lẹ̀, ta ló máa sọ fún wọn lọ́hùn-ún? Sekela ní kí wọ́n pè wọ́n ní bòókẹ́lẹ́. Baba Kufuli ní wọ́n á béèrè ìdí. Bí ògiri bá lanu, aláǹgbá á wọ̀ ọ́, ẹni tó sì mọ ibi tó ti lanu tó fi aṣọ bò ó, òun àti aláǹgbá ni wọ́n jọ ń gbé.

Ẹnu ló fi sọ ìyẹn o. Ọkàn ẹ̀ ò tíì gbà. Nígbà tó ń lọ sílé, ọ̀nà tó gba iwájú ilé tuntun yẹn ló gbà, bẹ́ẹ̀ ó jìn jùyẹn lọ. Àwọn tó ń kun ilé ti to pákó, wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbi tí lẹ́tà máa wà. Ó ka ìlà náà. Lẹ́tà méje.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó lọ bá Mama Lugano nílé. Ó ké hodi lẹ́nu ọ̀nà, bí a ṣe ń kágò. Obìnrin náà wà lórí àpótí, ó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà.

Ó ní, "Ẹ wọlé, Baba Kufuli. Ojú yín ti sọ ọ́ pé wọ́n ti lé mi."

"Wọn ò lé yín."

"Ojú wo lẹ wá gbé wá yìí? Àbí èmi ni mo ṣe é tí mi ò mọ̀?"

Ó sọ gbogbo ẹ̀ fún un, kò yọ nǹkan kan kúrò. Obìnrin náà gbé ẹ̀wà sílẹ̀. Ó wò ó títí. Ẹ̀rín wá mú un, ó bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn, ó ń gbọ̀n ọ́n bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tó fi di ògiri mú.

Ó ní, "Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ fi ń dà mí láàmú pé kí n má sọ àṣírí mi fún èèyàn. Àṣírí tẹ́ ẹ wá fún mi, òun lẹni tó ń ta tòmátì fi ń dá mi dúró lọ́nà."

Ó ní, "Ẹ má pa mí, Mama Lugano."

"Mi ò pa yín. Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, ọjọ́ kẹta rèé tí mi ò rẹ́rìn-ín."

Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó béèrè ẹni tó tún mọ̀. Ọkùnrin ní Sekela ni. Ó béèrè ohun tó fẹ́ ṣe. Ọkùnrin ní òun máa sọ ọ́ ni. Obìnrin náà tún gbé ẹ̀wà lé itan, ó ṣa òkúta mẹ́ta, mẹ́rin, kò wojú ẹ̀. Ó ní kó má torí tòun ṣe é. Ó ní tó bá ti sọ pé olè wá láti ìta, òun á padà sẹ́nu iṣẹ́ òun, ó tán.

Ó wá sọ pé, "Wọn ò ní kọ orúkọ yín sára ilé yẹn mọ́ o. Ṣẹ́ ẹ ti rò ó?"

"Mo ti rò ó."

"Ẹ ò tíì rò ó. Ẹ̀yin lẹ máa ń lọ sápá ibẹ̀ wáwèé. Ìwé wo ló wà nínú ilé tí wọn ò tíì ṣí?"

Omi lé sí ọkùnrin náà lójú. Obìnrin náà bu ugali, òkèlè àgbàdo wọn, àti ẹ̀fọ́ àná síwájú ẹ̀, ó ní kó jẹun. Ó jẹ gbogbo ẹ̀ tán. Nígbà tó máa dìde, ó ní ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Njombe, tí wọ́n bá yí máàkì ẹ̀ padà, abẹ́rẹ́ ló máa fi gún èèyàn. Obìnrin náà ní òun gbọ́. Ó ní kó wọ kóòtù tó dáa lọ́jọ́ Friday, kó má wọ eléyìí.

Ọjọ́ Friday pé. Èèyàn márùn-ún jókòó yí tábìlì gígùn po, Mama Lugano wà lórí àga nídìí fèrèsé, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Chengula ka ìwé pé ẹjọ́ tó kan Tulinagwe Mwaipopo ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Àwọn ìgbìmọ̀ ń wo ẹnu ọ̀nà. Ọ̀kan béèrè bóyá obìnrin náà ṣì ń bọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Chengula ní Mama Lugano tó jókòó yìí ni. Gbogbo wọn ní áà, ẹ káàárọ̀, Mama.

Baba Kufuli dìde níbẹ̀yẹn. Ó bi wọ́n pé ta ló ti mọ orúkọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kà yẹn tẹ́lẹ̀ nínú wọn. Kò sẹ́nì kankan. Ó wá tọrọ àyè lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Chengula, ó ní ṣé ó gbà kóun gbìyànjú láti wọ kọ̀ǹpútà ẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ìyẹn rẹ́rìn-ín, ó ní kó máa lọ, ọ̀rọ̀ àṣírí tòun le débi pé òun fúnra òun máa ń gbàgbé ẹ̀.

Baba Kufuli kọ orúkọ Ọ̀gbẹ́ni Chengula, ó sọ fún kọ̀ǹpútà pé òun ti gbàgbé. Ìbéèrè náà jáde lára ògiri tí wọ́n ń tan àwòrán kọ̀ǹpútà sí, níbi tí gbogbo wọn ti lè kà á. Obìnrin tó ń pín tíì wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fílásíkì. Kò mọ nǹkan kan nípa ẹjọ́. Ó yíjú sí i, ó ní, "Àbúrò, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe máa ń pe ọ̀gá wa yìí?"

Obìnrin náà tẹ orúnkún díẹ̀. Ó ní, "Baba Furaha ni, sà."

Ó kọ Furaha. Ilẹ̀kùn ṣí. Gbogbo lẹ́tà Ọ̀gbẹ́ni Chengula tò sára ògiri, tàwọn ọ̀gá, ti ìdílé, gbogbo ẹ̀. Ọkùnrin náà sáré dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ògiri bí ẹni tí táwẹ́ẹ̀lì ń já bọ́ nídìí ẹ̀.

"Òpònú wo ló gbé irú ìbéèrè yìí síbẹ̀?" Ohun tó jáde lẹ́nu ẹ̀ nìyẹn.

Baba Kufuli ní, "Èmi ni òpònú náà, sà."

Ó ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn, ọdún tó ṣe é, ìwé tó ti dà á kọ, àti ìdí tí òun ò fi rí i. Ohùn ẹ̀ ò gbọ̀n àfi nígbà tó dé ibi tó ti sọ pé òun ò bímọ. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé obìnrin yìí ò ṣí ilẹ̀kùn fẹ́nikẹ́ni, òun lòun so kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ mọ́ orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ó jókòó. Kò tíì sẹ́ni tó mu tíì ẹ̀, ó ti tutù.

Wọn ò pẹ́ dá Mama Lugano sílẹ̀. Wọ́n fún un ní lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní wọ́n ṣi orúkọ òun kọ. Olè náà, fóònù tó lò ni wọ́n fi mú un, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta kan ni. Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé fún ọdún méjì. Baba Kufuli náà gba lẹ́tà. Wọ́n dúpẹ́ fún iṣẹ́ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, wọ́n wá ní ti orúkọ ilé tuntun, àwọn á tún un yẹ̀ wò nígbà míì. Ó ká a, ó fi sí àpò. Àwọn tó ń kun ilé nu ìlà ṣọ́ọ̀kì yẹn kúrò lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Kò jókòó sílé máa ronú o. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ Njombe, ó wọ̀ ọ́ dé Makambako, ó sọ ọ́ fún wọn pẹ̀lú ẹnu ara ẹ̀. Ó kọ àṣìṣe náà sínú ìwé ìwádìí, orúkọ ẹ̀ ló kọ síbi tó yẹ kó kọ orúkọ ẹni tó ṣe é. Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, ó gbé àga sí ọ́fíìsì ìdánwò, ó ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ogóje èèyàn, kí wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ tuntun tó jẹ́ tara wọn ti ilẹ̀kùn wọn. Bí ẹnì kan bá ti jókòó, Baba Kufuli á kọjú sí ògiri kó má bàa rí ohun tó ń tẹ̀. Àwọn kan ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn mú ọ̀rọ̀ tó dáa. Ó ní rárá.

Mama Lugano ló ṣe kẹ́yìn. Ìka kan ṣoṣo ló fi ń tẹ ẹ́. Ó pẹ́ gan-an.

Baba Kufuli ń wo ògiri. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe orúkọ ọmọ-ọmọ yín?"

Obìnrin náà ń tẹ ẹ́ lọ.

"Ṣó gùn díẹ̀?"

"Baba Kufuli, ẹ má bi mí."

Ó ní, "Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó le tó ni."

"Mo gbọ́. Ẹ má bi mí."

Ó rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi dé, ojú ẹ̀ ṣì wà lára ògiri, kò yíjú padà títí tí obìnrin náà fi parí, tó pa kọ̀ǹpútà, tó sì ní kó dìde káwọn lọ, pé bọ́tìnnì kóòtù ẹ̀ kan ti já.